Eérú Igi Ẹ̀gbà

Sàúdátù gbé àpò èèpo ekùrọ́ sórí, ó ń wá trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tí yóò gbé e kúrò ní ọjà Tudu ní Accra, nígbà tí ó gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Alata Samina."

Orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ dúdú nìyẹn. Afua, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló pè é, òun àti ọmọbìnrin méjì mìíràn tí aṣọ ara wọn funfun báláú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni, kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n eruku dúdú ti pò mọ́ òógùn lójú Sàúdátù, ó sì ń ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé òun mì. Nígbà tí Afua sọ pé àwọn ń lọ sí etíkun ní Sátidé tó ń bọ̀ fún ọjọ́ ìbí òun, kíá ni Sàúdátù ní òun yóò bá wọn lọ. Ó mọ̀ dájú pé ọjọ́ Sátidé ni òun máa ń wá ra èèpo ekùrọ́ ní Tudu. Ṣùgbọ́n ojú tó ń tini kì í jẹ́ kí èèyàn ronú jinlẹ̀.

Ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Mùnírátù, ló ń rán an níṣẹ́ yìí. Ràbíátù tó bí Sàúdátù ti kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá àgbà yìí ló sì fi owó ọṣẹ dúdú tọ́ ọ dé kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Accra ni wọ́n bí Màmá sí, àmọ́ Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn, wọ́n kó òun náà mọ́ wọn, ó sì lọ gbé ìlú tí kò mọ̀ rí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ló padà wá. Auntie Phoebe, obìnrin Gà kan tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà níbi tí odò Densu ti ń wọ òkun, ló fún un ní àyè ìkòkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń fẹ́ná.

Iná wọn yìí ló wá di ọ̀rọ̀. Igi ẹ̀gbà ni gbogbo wọn fi ń dáná, igi tó máa ń dúró nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ ga sókè bí ẹsẹ̀ akàn. Iná rẹ̀ gbóná, kì í tètè kú. Wọ́n gé e, wọ́n gé e, àfi ìgbà tí ọ̀sà di ìhòòhò. Ẹja kò rí ibi yé sí mọ́. Àwọn ẹyẹ tó ń ti ilẹ̀ òtútù fò wá sinmi ní àbàtà náà kò rí ibi bà. Ìgbà náà ni iṣẹ́ àkànṣe kan dé, tí àwọn àjọ òkè òkun ń náwó sí, Ọ̀gbẹ́ni Kwabena sì ni alábòójútó rẹ̀. Wọ́n kọ́ àká ńlá kan tí wọn yóò ti máa dáná fún àwọn obìnrin méjìlá tó wà ní etí ọ̀sà, wọ́n fún wọn ní ààrò tuntun tó ń lo èèpo ekùrọ́, wọ́n sì ṣèlérí kànga omi mímu bí ọdún mẹ́ta bá pé. Àdéhùn wọn kò pọ̀. Kí àwọn obìnrin gbin ẹ̀gbà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì dáná ẹ̀gbà mọ́. Bí ẹnìkan bá yẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ náà yóò kọjá sí etí ọ̀sà mìíràn.

Màmá Mùnírátù ló kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ìwé. Lọ́jọ́ náà Auntie Phoebe dì mọ́ ọn lójú gbogbo ayé, ó ní obìnrin yìí kì í ṣe àlejò mọ́, ọmọ etí ọ̀sà ni. Màmá sunkún ayọ̀, ó ní òun ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí òun ti ń jẹ́ ọmọge.

Ojú Màmá ti ṣókùnkùn nígbà tí à ń wí yìí. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń se ọṣẹ jù ú lọ. Ọwọ́ ló fi ń mọ bí òróró ṣe jiná tó. Ní ti eérú, yóò mú díẹ̀ lé ahọ́n, yóò sì sọ igi tí ó ti wá fún ọ.

Ní Sátidé ọjọ́ ìbí Afua, Sàúdátù jáde nílé pẹ̀lú àpò àti owó Tudu. Kò dé Tudu. Bùràímọ̀, ọlọ́mọlanke kan tó máa ń dúró lẹ́yìn ọjà, ní igi ẹ̀gbà gígé tó ń tà lábẹ́ tapólì, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ó gé e wẹ́wẹ́ fún un, ó kó o sínú àpò, Sàúdátù sì da ìyókù èèpo ekùrọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lé e lórí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni. Ó ní igi tí wọ́n ti gé kúkú ti kú, ta ni yóò jí i dìde? Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó lọ sí etíkun. Ó jó, ó jẹ ẹja àti kẹ́ńkè, kò sì sẹ́ni tó pè é ní Alata Samina títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Àìkú, òun fúnra rẹ̀ ló fínná. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá jókòó ti ààrò, ó bu eérú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi díẹ̀ lé ahọ́n.

"Sàúdátù, ṣé Tudu ni iná àná ti wá?"

"Tudu ni, Màmá."

"Ìwọ fúnra rẹ lo débẹ̀?"

"Mo débẹ̀, Màmá."

Màmá fi omi yọ ẹnu, ó da eérú náà nù sí ẹ̀yìn àká. Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, ó kàn dédé sọ pé nínú ilé òun, a kì í na ẹni tó bá sọ òótọ́. Sàúdátù gbé òkèlè mì, ó ní ọbẹ̀ náà dùn.

Ní ọjọ́rú, àwọn òyìnbó méjì tó ń náwó sí iṣẹ́ náà dé pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Kwabena. Sàúdátù ti gba àyè ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí òun ni àwọn obìnrin yàn pé kí ó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n gbin ẹ̀gbà sí. Igi mọ́kànlélógún ni àwọn tó ń gé igi tà ti yọ́ gé nílẹ̀, kùkùté wọn ṣì tutù. Nígbà tí wọ́n padà dé àká, Ọ̀gbẹ́ni Kwabena ń tú àpò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀gbẹ́ ààrò Màmá. Ó fa igi ẹ̀gbà jáde lábẹ́ èèpo ekùrọ́.

Ọkùnrin náà bi Màmá ní Twi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ta ló ra igi yìí.

Màmá gbọ́ Twi dáadáa. Ó gbọ́ Gà, ó gbọ́ Haúsá. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi dáhùn, èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ níbẹ̀ àfi òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Sàúdátù, ohun tí o bá mọ̀ ni kí o sọ fún wọn. Bí kò bá sí ohun tí o mọ̀, sọ pé èmi ni mo rà á."

Gbogbo ojú yí sí Sàúdátù, wọ́n ń dúró kí ó túmọ̀. Ó ronú kan Afua, ó ronú kan ilé-ẹ̀kọ́, ó ronú kan ojú Auntie Phoebe tó ń wò ó. Ó la ẹnu. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó wúwo ju àpò Tudu lọ. Ó sì sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ìyá mi àgbà ní òun lòun rà á."

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Lọ́jọ́ náà, ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ ńlá fi wá kó àwọn ààrò lọ. Àwọn obìnrin dúró, wọ́n ń wo kànga tí wọn kò tíì gbẹ́ bí ó ṣe ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò bú Màmá. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Auntie Phoebe nìkan ló sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ní Gà pé gbogbo ọdún wọ̀nyí kò tó láti sọ àlejò di ọmọ ilé. Màmá gbọ́ ọ. Ó ń nu ìkòkò rẹ̀ nígbà náà, ó sì nu ún títí tí kò fi sí ohun tí ó kù láti nù mọ́.

Ó ní òun ń lọ sí Ṣakí, lọ́dọ̀ Ṣàfíù, ọmọ àbúrò òun. Kí Sàúdátù máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní àdúgbò Sabon Zongo ní Accra títí yóò fi parí ìdánwò.

Sàúdátù ló gbé ẹrù rẹ̀ sórí dé Tudu, àpò dúdú tí wọ́n fi ń kó èèpo ekùrọ́ tẹ́lẹ̀ ni, kò sì bìkítà ẹni tó lè rí i. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ Aflao, ìlú ẹnubodè tí Ṣàfíù yóò ti pàdé Màmá, Sàúdátù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku láàárín àwọn tó ń polówó ọjà, ó di ẹsẹ̀ Màmá mú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bùràímọ̀, aṣọ funfun, etíkun. Ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara.

Màmá wá orí rẹ̀ kàn, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Iyọ̀ ọ̀sà wà nínú eérú yẹn. Ìwọ ni mo ń dúró dè."

"Kí ló dé tí ẹ kò na mí, Màmá? Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, òtítọ́ tèmi ni. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ tìrẹ. Èmi náà ṣìṣe. Mo rò pé o máa tètè dé."

Ọkọ̀ náà lọ. Sàúdátù kò lọ sílé. Ó gba etí ọ̀sà lọ tààrà, ó sì dúró níwájú Auntie Phoebe àti àwọn obìnrin mẹ́wàá yòókù, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Gà. Nígbà tí ó parí, Auntie Phoebe fi ìborí bo ojú. Ó ní òun ti fi ẹnu òun lé arábìnrin òun lọ. Wọ́n wá Ọ̀gbẹ́ni Kwabena lórí fóònù. Ó gbọ́, ó dùn ún, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú àwọn ará etí ọ̀sà mìíràn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí Màmá bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù Ṣàfíù. Auntie Phoebe bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, ó ní kí ó padà wá sílé, àyè ìkòkò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Màmá dárí jì í. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Phoebe, mo ti rin ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n lé mi lọ, mo padà, mo tún ti lọ. Kò sí ẹsẹ̀ tí n óò fi rìn ín lẹ́ẹ̀kẹrin mọ́."

Ó béèrè bóyá àwọn ẹ̀gbà kéékèèké tó kù ń hù. Sàúdátù ní wọ́n ń hù. Ó béèrè ta ló ń tọ́ eérú wò fún wọn.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Sàúdátù máa ń wọ inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin náà, wọ́n ń gbin ẹ̀gbà láìsí owó òkè òkun kankan. Mọ́kànlélógún tí wọ́n gé ti ní arọ́pò, lékèélékèé sì ti ń bà lé wọn. Igi ẹ̀gbà gígé ṣeé gbìn padà. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́ jókòó ní Ṣakí, nínú ilé tí kò mọ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì sí igi tí a lè gbìn tí yóò gbé e padà wá sí etí ọ̀sà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òtítọ́ ní àkókò tirẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ nígbà tó yẹ, ìtìjú ọjọ́ kan ni yóò gbà lọ́wọ́ wa. Bí a bá fi falẹ̀, yóò gba ohun tí a fẹ́ràn jù. Sàúdátù sọ òtítọ́ níkẹyìn, gbogbo ayé sì gbọ́. Àmọ́ ọkọ̀ Aflao ti lọ.