Òkúta Funfun Sagaria

Tí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀, ẹ má bínú. Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi Sagaria dìde lórí ẹní, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ọgbà ewúrẹ́, ó sì padà wá dùbúlẹ̀. Mo ń wò ó. Nígbà tó wọlé tán, mo wo ilẹ̀. Ipasẹ̀ ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ti adìẹ wà níbẹ̀, ti Ouma, ìyá tó bí ìyá wa, wà níbẹ̀. Ti Sagaria ò sí.

Iyanrìn ni gbogbo ibi tí à ń gbé. Odò gbígbẹ lápá kan, òkè iyanrìn pupa lápá kejì títí lọ dé òkun. Èèyàn ò lè rìn níbẹ̀ kí ilẹ̀ má mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin nílé wa á wo ipasẹ̀, á sọ fún yín pé lágbájá ló kọjá, ó sì ru ẹrù. Òkú nìkan ni mo mọ̀ tí kì í ní ipasẹ̀.

Èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Abner lorúkọ mi, èmi sì ni àkọ́bí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ sukúù nílùú etí òkun kí n tó já a jù sílẹ̀, kí n padà wálé. Sagaria ò lọ sukúù rárá. Ọ̀dọ̀ Ouma ló wà tó ń da ewúrẹ́. Nígbà tí mo fi máa dé, aṣálẹ̀ ti di tirẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó máa yé yín. Láàárọ̀, tí kùrukùru bá ti òkun wọlé tó bo gbogbo nǹkan, Sagaria á gun òkè iyanrìn, á dojú bolẹ̀, á fi etí lé e. Òkè yẹn máa ń kùn. Gbogbo wa ló ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n létí tiwa, ariwo lásán ni. Létí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Á sọ̀kalẹ̀, á ní ewúrẹ́ tó sọnù wà lábẹ́ igi báyìí, ibẹ̀ náà la sì máa bá a. Á ní ká gbẹ́ ilẹ̀ níbí, omi á sun. Nárà, èso ẹlẹ́gùn-ún tí à ń sè tí à ń sá gbẹ kó lè tó wa jẹ dé ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló ń mọ ibi tó ti pọ́n kí ajáko tó débẹ̀.

Èmi náà gun òkè yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fi etí lélẹ̀ títí iyanrìn fi kún un. Kò dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń sọ̀kalẹ̀, Oom Festus, àgbàlagbà kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò, rí mi, ó dúró.

"Akọ̀wé, kí ló sọ?"

Mo gbọn iyanrìn etí mi dànù.

"Má bínú sí i. Bóyá èdè òyìnbó ló ń retí lẹ́nu rẹ."

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Inú mi ń jó bí ẹyín iná. Kì í ṣe pé mo kórìíra Sagaria. Tí a bá pa ẹran, ibi tó rọ̀ ló máa ń gé fún mi. Kì í pè mí lórúkọ, bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Tó bá jẹ́ pé ó burú ni, ǹ bá bú u, kí ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí Ouma wá sọ pé Sagaria ni oko nárà máa kàn, oko tí ìyá ìyá òun ti ń kórè, mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀, mo jáde. Ouma ní òun kọ́ lòun yàn, ilẹ̀ ló yàn.

Lọ́nà oko yẹn, òkìtì òkúta kan wà. Ibojì Haiseb ni, bàbá àtijọ́ tó ń kú tó ń jí, tó fi jẹ́ pé ibojì rẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ń kọjá á fi òkúta kan lé e, á bẹ̀bẹ̀ ohun tó ń fẹ́. À ń fi kún un ni, a kì í mú níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, bí wọn ò ṣe kọ́ mi pé kí n má ki ọwọ́ bọ iná.

Àràárọ̀ ni Sagaria ń gbé òkúta funfun kan síbẹ̀, á sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ wà. Ìjẹrin ni mo sá pamọ́ sínú kùrukùru. Ó gbé òkúta sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀, ó lọ. Mo mú òkúta náà. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi í sápò ṣòkòtò.

Mi ò tíì gbẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tí òkè fi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rántí ohun tí kò mọ̀ rí. Mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn òkè kejì, nárà sì wà níbẹ̀, ó pọ́n, ajáko ò tíì fẹnu kàn án. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Mo kó o kún àpò, mo gbé e wálé. Ouma wò mí títí. Sagaria ti dùbúlẹ̀, ó ní òtútù ń mú òun. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá," inú ẹ̀ sì dùn dénú.

Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí ipasẹ̀ míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún ya síta. Ti Sagaria ni. Ibi tí mo dúró, ó dúró. Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kan. Mo délé, Ouma ní Sagaria ò tíì kúrò lórí ẹní láti àárọ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mi ò sọ. Lọ́jọ́ kẹta mo tún lọ, torí òkè ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó dákẹ́. Ipasẹ̀ náà sún mọ́ mi ju ti àná lọ.

Àfi àárọ̀ yìí tí mo wo ilẹ̀. Mo yọ òkúta náà fún Ouma. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí Sagaria ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Mo ní kí ilẹ̀ lè jẹ́ tirẹ̀ ni.

"Ìwọ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Láti ọjọ́ tí o ti dé ló ti ń bẹ Haiseb kí òkè bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe àlejò nínú ilé ara ẹ̀."

Ó gba òkúta náà lọ́wọ́ mi.

"Ohun tí o jí, tìrẹ ni," ni Ouma wí. "Wọn ì bá fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú lórí ibojì, ibojì náà á mú lára àwọn èèyàn rẹ̀."

Ó ní òun máa dá òkúta padà fúnra òun. Ó so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó ní tí òun bá ti gbé e síbẹ̀, Sagaria tó ń rìn níta á máa bọ̀ wálé, á kan ìlẹ̀kùn, kí n ṣí i, kí n má bèèrè ta ni, kí n sì ṣí i kí kùrukùru tó ká, torí ẹni tó wà láìlára ò lè dúró nínú oòrùn. Ó ti gòkè sórí kẹ̀kẹ́ kó tó wẹ̀yìn.

"Tó bá ti wọlé, òkè á dákẹ́ fún ọ. Má tàn mí, Abner. Ṣé wàá ṣí i?"

Mo ní màá ṣí i.

Ó ti lọ, ó pẹ́. Sagaria wà lórí ẹní níbí, èémí ẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ní báyìí ni mo gbọ́ iyanrìn tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo yọjú láti inú ihò ìlẹ̀kùn. Kò sí èèyàn. Ipasẹ̀ ń tẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan, òmíràn, ọmọńdinrín ọ̀tún ya síta, ó ń bọ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Òtútù ń mú mi."

Mo wo orí ẹní. Ẹnu ẹ̀ ò mì.

Lákòókò kan náà, òkè ń kùn. Ó ń sọ ibi tí omi wà fún mi, ó ń sọ ibi tí bàbá mi tó ti kú sùn sí, ó sì pe orúkọ mi. Kò pè é rí. Abner, ó ní, Abner, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ.

Kùrukùru ti ń ká. Mo rí oòrùn lórí irin ìlẹ̀kùn. Ó tún kàn án, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé.

Tí Ouma bá bi mí, màá ní ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí lóòótọ́. Mo dìde, mo lọ sídìí ìlẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ lé irin. Mo fi irin náà dábùú ìlẹ̀kùn pátápátá. Mo jókòó.