Òkúta Thomasine Nancarrow

Irọ́ ni mo fi jẹun fún ogójì ọdún, nítorí náà mo mọ̀ pé kò ní rọrùn fún yín láti gbà mí gbọ́. Ìtàn ayé àtijọ́ ni mo máa ń kọ: ọba, ogun, àwọn obìnrin tó ń sunkún létí òkun. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Orúkọ ni ìṣòro àwa tí à ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí o bá sọ orúkọ alààyè di orúkọ ọ̀daràn, lọ́yà rẹ̀ á kanlẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tẹ ìwé mi fi sọ fún mi nígbà èwe mi pé, "Harriet, lọ sí itẹ́ òkú. Òkú kì í peni lẹ́jọ́." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé, màá mú ìwé kékeré dání, màá máa rìn láàárín ibojì, màá máa já orúkọ bí ẹni ń já ẹ̀fọ́.

Ní Lanverran, abúlé apẹja tí mò ń gbé ní Cornwall, mo rí orúkọ Thomasine Nancarrow lára òkúta ibojì kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí oòrùn ti máa ń pa á. Ó kú lọ́dún 1743. Orúkọ náà dùn lẹ́nu mi. Mo tilẹ̀ wọlé lọ wo ìwé ìsìnkú. Àlùfáà ìgbà náà ti kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé: "Agbẹ̀bí. Gbogbo ìlú ló sin ín." Mo dà á kọ. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sílé, mo sì sọ ọ́ di agbẹ̀bí tó ń ri ọmọ tuntun sómi nínú ìwé mi.

Ìwé náà tà ju gbogbo ìwé mi lọ. Àwọn èèyàn ń wọ bọ́ọ̀sì láti London wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta rẹ̀.

Jory Nancarrow wá bá mi. Òun ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú, ìran Thomasine sì ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ìdílé rẹ̀ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ òkúta náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fi tíì lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ tíì, ìjà ló bá wá.

"Mísìs Vosper, ìyá wa lẹ sọ di apànìyàn yẹn."

"Bàbá, ìtàn lásán ni. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ayé wo? Jenifer ọmọ-ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní Truro. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é níbẹ̀? Rì-wọ́n-sómi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Ojú ewé kan péré," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni. Ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un."

"Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, màá kọ ọ́."

"Òpùrọ́ ni yín, Mísìs Vosper," ó ní, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò kọ ọ́. Ó wu àwọn àlejò kó jẹ́ òótọ́, ó sì wu èmi náà pé ó wù wọ́n. Bí wọ́n bá dá mi dúró lójú títì pé, "Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?" màá rẹ́rìn-ín músẹ́. Màá ní, "Ta ló mọ̀?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nínú oṣù kọkànlá ọdún 1974. Wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀ nígbà kẹrin. Lẹ́tà tí mo fi gbà fún wọn wà lọ́wọ́ mi, mo gba itẹ́ òkú kọjá lọ fi í ránṣẹ́. Kùrukùru ti bo òkun. Àwọn ẹyẹ òkun dákẹ́. Gbogbo nǹkan dákẹ́.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Òkúta náà ò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n hú u. Koríko ló wà níbẹ̀, koríko àtọdúnmọ́dún.

Mo yí ṣọ́ọ̀ṣì po lọ sí ẹ̀yìn, níhà àríwá. Oòrùn kì í dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sin àwọn tó pokùnso sí láyé àtijọ́. Ó wà níbẹ̀. Ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewé tútù tó máa ń hù lára òkúta ti bò ó bí irun àgùntàn. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ rí. Mo fi èékánná ha á. Orúkọ kan náà. Ọdún kan náà. Lábẹ́ rẹ̀: "Àwọn ọmọ wà nínú omi."

Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn, nínú orí kọkàndínlógún. Nídìí tábìlì mi ni mo ti ronú kàn án, mo ń jẹ búrẹ́dì.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró omi lẹ́yìn mi. Díẹ̀díẹ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo yíjú. Kò sẹ́nì kankan, kò sì sómi. Ìró náà dáwọ́ dúró.

Mo sáré wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí ìwé ìsìnkú. Yíǹkì àtijọ́, ọwọ́ àlùfáà kan náà: "Agbẹ̀bí. Wọ́n sin ín lálẹ́. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e." Mo sáré délé, mo ṣí ìwé kékeré mi. Pẹ́ńsù mi ni, ọwọ́ èmi fúnra mi ni. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀.

Mo lọ sílé Jory. Bó ṣe rí mi, ó ṣí fìlà.

"Bàbá, níbo ni òkúta ìyá yín wà?"

Ó wolẹ̀. "Ibi tó ti máa ń wà náà ni. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ máa ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún!"

"Àwa kẹ̀? Bàbá mi kì í jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá."

"Jenifer ńkọ́? Ṣebí ó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí?"

"Agbẹ̀bí? Nínú ilé wa?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ta ló máa gbé ọmọ lé Nancarrow lọ́wọ́? Bàtà ló ń tà ní Truro."

Mo jókòó, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo pa á. Mo ní agbẹ̀bí rere ni, gbogbo ìlú ló sin ín, mo fi ojú ara mi kà á. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Ó lé ní igba ọdún, kò sẹ́ni tó gbìyànjú rí láti bò wá láṣìírí."

"Bàbá, kì í ṣe—"

"Ẹ fi àánú kọ ìwé yẹn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Mo kà á. Lọ́jọ́ tí mo pè yín lópùrọ́, ojú ló ń tì mí. Òótọ́ lẹ sọ." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ foríjì mí."

Ó ń wò mí, ó ń retí. Mo ní mo ti dárí jì í.