Ọmọ tí Kò Gbóòórùn Ìyá Rẹ̀ Mọ́

Ọjọ́ tí Ṣẹ̀gilọlá kọ́kọ́ fi Abíyá-Òdòdó para ni ọmọ rẹ̀, Àlàó, kọ ọmú. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Ó gbé imú sí àyà ìyá rẹ̀, ó wá òórùn rẹ̀ títí, kò rí i, ó sì figbe ta bí ọmọ tí wọ́n gbé fún àjèjì.

Orí òṣùpá ni wọ́n ń gbé, ní ìlú Àjùmọ̀mí, lábẹ́ igbá dígí ńlá kan. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo ìlú ń fà símú, nítorí náà òórùn òógùn di ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú pàṣẹ pé kí gbogbo àgbà máa fi Abíyá-Òdòdó pa abíyá. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé Fáṣọyin ló ń ṣe é. Àwọn ajòórùn ló kún inú ìgò náà, ẹ̀dá àfọwọ́ṣe tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń wọ inú awọ lọ láti jẹ òórùn. Wọ́n ya ìyá kan tó gbé ọmọ mọ́ra, tó ń rẹ́rìn-ín, sára ìgò. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Òórùn òógùn nìkan ló ń jẹ. Omi lásán ń ṣan án kúrò." Irọ́ ni méjèèjì, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ̀.

Ṣẹ̀gilọlá fi omi ṣan ara títí awọ rẹ̀ fi bó. Àlàó kò mọ̀ ọ́n. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà rọ oúnjẹ sí i nímú, ó sì ń rù. Ìyá rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: kí wọ́n fún òun ní ohun tí yóò lé ajòórùn jáde lára òun.

Nígbà tí ẹjọ́ fi máa dé iwájú adájọ́, Àlàó ti ń rá.

"Olúwa mi, ìgò wa kò lẹ́bi," ni Fáṣọyin wí. "Ọkàn obìnrin yìí ni kò balẹ̀ tí ọmọ fi ń sá fún un. Ìwé àyẹ̀wò wa nìyí."

Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ìyá ọkọ Ṣẹ̀gilọlá, fi ọ̀pá dìde. "Fáṣọyin, ṣé ìwé ló ń fún ọmọ lọ́mú ni? Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ sílẹ̀, ká jókòó yí i ká. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá rá lọ, ẹni yẹn ló ṣì ń rùn bí èèyàn láàárín wa."

"Màmá, ilé ẹjọ́ nìyí, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé yín," ni Fáṣọyin wí.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

Adájọ́ gbà. Wọ́n gbé Àlàó sórí ẹní. Ṣẹ̀gilọlá na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pe oríkì rẹ̀. Ọmọ náà kọjá lára rẹ̀. Ó kọjá lára ìyá àgbà. Ó rá dé ọ̀dọ̀ Fáṣọyin, ó gun itan rẹ̀, ó ki imú bọ abíyá rẹ̀, ó sì sùn lọ fọnfọn.

"Ọ̀mọ̀wé," ni adájọ́ wí, "ẹ̀yin kì í lo ọjà yín ni?"

Fáṣọyin wolẹ̀. "Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, Olúwa mi."

"Ẹ lé e jáde lára obìnrin yìí."

"Kò ṣeé lé. Tó bá ti wọlé, ó ti wọlé nìyẹn."

Báyìí ni Ṣẹ̀gilọlá ṣe jàre. Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n yọ àwòrán ìyá ọlọ́mọ kúrò lára ìgò, wọ́n sì yọ ọ́. Òfin ìlú kò yí padà, ìgò tuntun sì ń tà wàràwàrà. Adájọ́ tún ní kí Fáṣọyin máa fún obìnrin náà ní ẹ̀wù kan tó ti làágùn sí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù yẹn ṣiṣẹ́. Ṣẹ̀gilọlá wọ òógùn ẹni tó jí ọmọ rẹ̀ gbé sọ́rùn, Àlàó sì mu ọmú, ó sanra.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ náà pé ọdún kan, Ṣẹ̀gilọlá bọ́ ẹ̀wù náà, ó fi í kọ́ sára ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀, ó sì na apá sí ọmọ náà. Àlàó kọjá lára rẹ̀. Ó di etí ẹ̀wù náà mú, ó fi bo ojú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láyé.

"Màámi."