Ohun Tó Tẹ Ìlà Ògiri

Ìlà táìlì ara ògiri gún régé láti ẹnu ọ̀nà, àfi nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló tẹ̀ bí ọrun. Obìnrin awòràwọ̀ tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ kọ́kọ́ rò pé omijé ló bo òun lójú. Ó nu ojú, ó tún wò ó. Ìlà náà ṣì tẹ̀ yí ọkọ rẹ̀ ká. Télọ̀ ni ọkọ náà. Àìsàn ti dá a wólẹ̀, èémí rẹ̀ ń já bí òwú tó ti gbó. Dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa wo ọwọ́ Ọlọ́run.

Obìnrin yìí sì rèé, wíwọn ohun tí ojú kò rí ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀nà jíjìn bá ń kọjá lára agbo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, ṣe ló máa ń tẹ̀. Bó bá ṣe tẹ̀ tó ló fi ń mọ ìwúwo ohun dúdú tó fara pamọ́ sáàárín wọn. Ó ya fọ́tò ògiri, ó ṣírò. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ wúwo ju gbogbo ilé náà lọ, bẹ́ẹ̀ ibùsùn ò tilẹ̀ dún. Ó dá a lójú pé ikú ló wá jókòó tì í.

Ó fi gbogbo agbára ti ibùsùn lọ sí ògiri kejì, níbi tí ìlà ti gún. Kíá ni ètè ọkọ rẹ̀ di dúdú, tí èémí rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ìgbà yẹn ni ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé òun fúnra rẹ̀: ohun dúdú yẹn ni kì í jẹ́ kí agbo ìràwọ̀ tú ká. Ó ti ibùsùn padà síbi tí ìlà ti tẹ̀. Èémí padà sáyà ọkùnrin náà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ibi tí kò séèyàn, ó dúpẹ́ títí, ó ní kí wọ́n dárí ji òun, àìmọ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ béèrè omi. Ó mu ún tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyàwó mi, o gbá mi mọ́ra gan-an. Ó máa ti rẹ̀ ẹ́."

"Èmi kọ́ o," obìnrin náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Télọ̀ yíjú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Mo fura. Ọwọ́ àwọn tó dì mí mú ti pọ̀ jù. Irú ẹ̀ ni mo nílò ní ṣọ́ọ̀bù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn rí."

Ọwọ́ kan bà lé èjìká obìnrin náà, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà ìkẹta. Orí rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò yé dúpẹ́.