Àmì Kan Lórí Ìyá

"Píì-píììì! Ẹ yà lọ́nà o! Ọkọ̀ ìyàwó ń bọ̀!"

Bàbá ẹni àádọ́ta ọdún ló ń ké báyìí, tó ń sáré yí tábìlì ká nílé ìtẹ̀wé, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí awakọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òun àti atẹ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣòfin náà: ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣi àmì ohùn rẹ̀ fi, dandan ni kó fi ara ṣàpèjúwe ohun tí àṣìṣe náà sọ. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ti sọ "ọkọ ìyàwó" di "ọkọ̀ ìyàwó" nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ọkọ̀ gbéra?

Ó dùn mọ́ gbogbo wọn, àfi ọmọ bàbá náà obìnrin tó ń kàwé ìdánwò àṣekágbá ní igun yàrá. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó wá gba káàdì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó la ẹnu sílẹ̀ tó ń wò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo kíláàsì ti sọ ọ́ ní Ọmọ Píì-píì. Wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀ tẹ̀ lé e títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìtìjú náà gbóná lára rẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìtẹ̀wé lọ́sàn-án, kò bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ ló gbà lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, oníbàárà kan ń sọ níta pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe níbí. Ó lóun ò ní padà wá mọ́."

Irọ́ ni o! Irọ́ gbuu! Kò sí oníbàárà kankan. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, èyí sì ti balẹ̀ ná.

Ọ̀gá fò dìde, ó jáde sí wọn. "Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ píì-píì kankan mọ́! Kí kálukú jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀."

Ilé iṣẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá ń ka ìwé, ó ń yán, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún ń yán. Ọmọ rẹ̀ rí ìdákẹ́jẹ́ tó fẹ́, àmọ́ kò rí ìwé kà. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá yán ló ń gbójú sókè wò ó. Ó fẹ́ sọ òótọ́, ẹnu rẹ̀ wúwo.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ju ìwé ètò ìsìnkú sórí tábìlì.

"Ẹ kà á sókè, kí n gbọ́."

Bàbá kà á sókè. "Ó dìgbóṣe, ìyà wa."

"Ìyà! Igba ìwé la pín fún àwọn èèyàn! Ìyá tó tọ́ wa dàgbà lẹ sọ di ìyà!" Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Ọ̀gá yíjú sí bàbá. "Ọdún mẹ́tàdínlógún, irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ kó ẹrù yín, bàbá. Ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ má bínú, mà," ni bàbá wí. "Ojú mi wò ó, kò rí i." Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe ń fi gíláàsì rẹ̀ sápò ni ọmọ rẹ̀ dìde. "Èmi ni, mà. Kò sí oníbàárà tó sọ nǹkan kan. Èmi ni mo parọ́, torí pé eré bàbá mi ń kó ìtìjú bá mi."

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Ọ̀gá, ká ní a ń ṣeré wa ni, ọkùnrin yìí ì bá ti wó lulẹ̀ níbí, kó máa yí gbiri, kó máa ké pé 'Ìyà ń jẹ mí o!' kí ìwé yẹn tó dé orí ẹ̀rọ. Eré yẹn la fi ń ríran."

Ọ̀gá bẹ obìnrin náà, ó ṣèlérí láti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè tún un pín, ó sì ní kí bàbá jókòó padà. Ọmọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ká igba ìwé tuntun náà, tó ń ka "ìyá wa" lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́nà ilé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá bi í. "Ṣé mo dójú tì ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ì bá sàn kó gbá a létí. Ó sunkún, ó tọrọ àforíjì, bàbá sì dárí jì í.

Eré ti padà sílé ìtẹ̀wé. Ọmọ náà pàápàá ti wa ọkọ̀ yí tábìlì ká lójú ọmọ kíláàsì rẹ̀ yẹn. Ó ti wá mọ̀ pé àgbà tó ń fi ẹ̀rín ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, àti pé ẹni tó bá fi irọ́ pa ẹ̀rín ẹlòmíì, òun náà ni yóò sun ẹkún tó bá tẹ̀ lé e. Àmọ́ títí dòní, kí bàbá tó ṣeré kankan, á kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, á sì wo ojú ọmọ rẹ̀. Wíwò yẹn ló ń dun ọmọ náà jù.