Aṣọ́lé Tí Kerttu Fẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ tí Tanner Wiebe kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì mi, àwọn tó tò síwájú rẹ̀ yà fún un bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù ló wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ti yunifásítì wa gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà, òun sì ni aṣọ́lé wọn. Ẹnì kan ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹlòmíì ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́. Ojú ń ti ọmọ náà.

Kerttu, ọmọ àbúrò mi, ló dúró nídìí káńtà. Kò kí i kú oríire. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé o tiẹ̀ ń rí oorun sùn?"

Tanner rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà ooru yẹn, kò sí àárọ̀ tí kò wá ra páì ẹlẹ́ran, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ dájú pé kò fẹ́ràn páì. Kerttu, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, wá ń kọrin nídìí ààrò. Ìfẹ́ ọmọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Inú Reino, àbúrò mi tó bí i, dùn jù mí lọ, àmọ́ nítorí ohun mìíràn ni. Ó ti ń pe Tanner ní "àna mi" káàkiri ilé ọtí kí ọmọ rẹ̀ tó gbà láti fẹ́ ẹ. Nígbà tí Tanner wá tọrọ ọmọ, Reino dì mọ́ ọn.

"Ẹ gba ife kejì wálé ná," ó ní. "Òun la ó fi mutí níbi ìgbéyàwó yín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Tanner.

Àṣé Reino ò ṣeré. Ìlú ò ṣeré. Kí òtútù tó sọ adágún ìlú wa di yìnyín, ibi tí wọ́n máa gbé ife kejì sí ni wọ́n ń bára wọn jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó rántí pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti gboyè jáde, pé àwọn ọmọ tuntun tí ẹsẹ̀ wọn ò tíì dúró ló kù níwájú Tanner. Wọ́n ń pàdánù, wọ́n tún ń pàdánù. Nígbà tí ọdún yí, àwọn ará ìlú ní ìfẹ́ ló ba aṣọ́lé jẹ́. Àwọn obìnrin kan ò jẹ́ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Kerttu mọ́.

Reino pè é jókòó níṣojú mi, ó ní kó fi Tanner sílẹ̀ títí sáà yẹn á fi parí.

"Bàbá, ṣé èmi ni mò ń gbá góólù wọlé fún un ni?"

Reino dìde, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, olúkúlùkù ń dá jẹun nínú ilé kan ṣoṣo yẹn.

Àṣà wa ni pé bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn àlejò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń fi ìwé ìròyìn bojú, bíi pé a ò rí wọn. Tó bá kan tiwa, a ó jù ú sílẹ̀, a ó sì hó yèè. Bí wọ́n bá pe Tanner, á gbójú sókè síbi tí Kerttu jókòó sí, á fọwọ́ kan àṣíborí rẹ̀.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kejì, wọ́n dé orí orúkọ Tanner, ìwé ìròyìn ò wálẹ̀. Ti Reino náà ò wálẹ̀. Kerttu wo bàbá rẹ̀, ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, torí kò lè jókòó sáàárín wọn mọ́. Kí Tanner tó gbójú sókè, àyè rẹ̀ ti ṣófo.

Ẹ̀yìn gíláàsì tí wọ́n fi dáàbò bo òǹwòran, nídìí ilé tí Tanner ń ṣọ́, ló lọ dúró sí. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ilé, á rìn yí pápá ká, á tún lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tanner ò wẹ̀yìn rárá. Wọ́n tún pàdánù.

Lẹ́yìn ìyẹn, Tanner ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Kerttu ló wá a lọ.

"Mo wòkè, mi ò rí ọ," ni Tanner wí. "Mo ní ìwọ náà ti bá wọn lọ."

"Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo wà, olólùfẹ́ mi. Gbogbo èyí tó o mú ni mo rí."

Tanner sunkún. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí òun lọ, àmọ́ òun ò lè gbé ìlú tó jẹ́ pé ife ni wọ́n fẹ́, tí wọn ò fẹ́ òun. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun lọ sílé àwọn òbí òun ní Kánádà. Reino ní bó bá lọ, kó má retí òun níbi ìgbéyàwó kankan. Kerttu lọ.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣègbéyàwó, ní abúlé kan tí oko àlìkámà yí ká. Èmi nìkan ni mo lọ láti ilé wa. Ìyá Tanner béèrè bàbá ìyàwó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ara rẹ̀ ò yá.

Kerttu di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má purọ́, Àǹtí. Ìdíje àkọ́kọ́ sáà tuntun ni lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n wà."

Reino ló wá gbé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú nígbà tí mo padà. Ó ní àwọn borí, pé aṣọ́lé tuntun náà dáa. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó bi mí pé irú aṣọ wo ni Kerttu wọ̀.

Mo ní aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ ni.

Ó ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa á. Ó ní kí n tún un sọ.