Ẹ̀rí Tó Yá Ju Ìwòsàn Lọ

Ẹni kẹta ni Rẹ̀míláyọ̀ nínú àwọn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ láti jẹ́rìí ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà. Bí ó bá ti wo aṣọ funfun àwọn akọrin, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké a máa fò kọjá nínú ojú ọ̀tún rẹ̀ bí eṣinṣin tí kò rí ibi bà sí. Bí ó bá wo iná, ìmọ́lẹ̀ náà a tú ká, a sì máa gún un lójú. Ó ti pinnu ohun tí yóò sọ: pé wọ́n ti tọ́jú ojú òun, pé òun dúpẹ́, pé kò tíì tán pátápátá.

Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí wọ́n ti ṣe ojú náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ajah, jígí ojú rẹ̀ sì ti nípọn láti kékeré. Nígbà tí mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní igun ojú rẹ̀ láìsí òjò, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Lẹ́kí. Dókítà Odùbánjọ yẹ ojú náà wò, ó rí ibi méjì tó ti ya lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú tí a fi ń ríran. Ó ní kí ọmọ náà gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ó sì fi iná lésà jó etí ibi tó ya yí po. Iná aláwọ̀ ewé náà ń kọ lemọ́lemọ́, ó ń dùn ún wọ inú agbárí. Nígbà tó dìde, gbogbo yàrá ti di àwọ̀ àlùkò, kò sì rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà, nítorí náà dókítà fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé fún un. "Mọ́mì, ẹ ṣáà mọ bí ẹ ti ń ṣẹ́ etí aṣọ tó ya kó má baà ya síwájú. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n òwú tèmi kì í di aṣọ mú lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì." Ó wá yíjú sí Rẹ̀míláyọ̀. Ó ní àwọn eṣinṣin náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé ojú lè ṣe bàìbàì, kí ó má bẹ̀rù. Kí ó má fò sókè, kí ó má gbé ẹrù. "Ṣùgbọ́n bí o bá rí òjìji bíi kọ́tìnì tó ń bo ojú rẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o wá. Má jẹ́ kó di ọ̀la."

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́rìí ní òun ríṣẹ́ ní èbúté Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Fọláránmi tẹ̀ lé e, ó ní orúnkún òun tí kò gun àtẹ̀gùn mọ́ ti ń gùn ún báyìí, ó sì jó láti iwájú pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Ilé ìjọsìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọwọ́ Rẹ̀míláyọ̀, ìyá rẹ̀ ti na ọrùn síwájú lórí àga, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìjọ yìí fi gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ wá kéré lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún tó wá ń ráhùn pé iyọ̀ kò tó.

"Ojú mi ti là pátápátá," ni ohun tó jáde. "Mi ò rí ẹyọ eṣinṣin kan mọ́. Ó ya dókítà pàápàá lẹ́nu."

Gbogbo ìjọ dìde. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. Bí wọ́n ti túká, Alàgbà Akíndàmọ́lá, olórí akọrin, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti gba orin àdákọ ọjọ́ Ìkórè lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ojú tó ń dùn ún, ó wá dá a padà fún un, torí pé ẹni tí Olúwa wò sàn ló yẹ kó kọrin náà. Láti ọdún mẹ́rin ni Rẹ̀míláyọ̀ ti ń fẹ́ orin yẹn. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èké tirẹ̀ tà lójú ẹsẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n ń dánrawò. Orin ìwọlé náà ní ijó nínú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fò sókè. Rẹ̀míláyọ̀ rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ojú rẹ̀ ti là pátápátá yóò ṣe dúró gbagidi láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ó bá wọn fò. Kò pẹ́, nǹkan dúdú rọ́ sínú ojú ọ̀tún rẹ̀ bí èéfín àtùpà. Nígbà tó rọlẹ̀, òjìji kan jókòó sí ìsàlẹ̀ ojú náà. Ó bọ́ jígí, ó nù ún. Òjìji kò lọ. Alàgbà béèrè ohun tó dé, ó ní òógùn ni.

Ó mọ ohun tó jẹ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló kọ́kọ́ rò, ẹnu ló rò. Kí ni yóò sọ fún ìjọ? Pé Olúwa gba ìwòsàn rẹ̀ padà? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni dókítà ní kí wọ́n padà wá, pé kò jìnnà mọ́. Nígbà tó kúnlẹ̀ gbàdúrà, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun kò bẹ Ọlọ́run kó wo ojú sàn. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kó bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Hameedah, tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, wò ó títí.

"Kí ló dé tí o ń yí ọrùn wo bọ́ọ̀dù bí adìyẹ tó gbúròó àṣá?"

Òun nìkan ni Rẹ̀míláyọ̀ sọ fún. Hameedah gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyá ẹ ti gbọ́?"

"Rárá o. Ó di ẹ̀yìn Ìkórè. Mo ti jẹ́rìí, Hameedah. Gbogbo ìjọ ti gbọ́."

"Ṣé ìjọ ló ni ojú ni?"

Hameedah ní òun yóò lọ bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Rẹ̀míláyọ̀ búra pé bó bá dán an wò, ọ̀rẹ́ àwọn parí. Hameedah panu mọ́, ó sì ń dùn ún títí di òní.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, òjìji náà ti gòkè. Rẹ̀míláyọ̀ dìde láàrin ìkórè, láàrin iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja tí wọ́n kó wá láti Ẹlẹ́kọ̀, ó kọrin. Ohùn rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ẹsẹ kejì, ó rọra pa ojú òsì dé láti dán èkejì wò. Ìyá rẹ̀ tó jókòó níwájú kò sí lórí àga mọ́. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Ó la ojú òsì, ó kọ orin náà parí, ìjọ sì tún dìde fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń da omi gbígbóná sí ife, omi ń dà sórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ tó jẹ́wọ́.

Dókítà Odùbánjọ wo ojú náà pẹ́. "Ọjọ́ wo ni òjìji yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́bọ̀, sà."

Ó mú ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Kò bú u. Ó ní awọ náà ti ṣí kúrò lára ògiri ojú, pé ní Ọjọ́bọ̀, àárín rẹ̀ tí a fi ń kàwé ṣì lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti ṣí báyìí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ kan sínú ẹyinjú láti ti awọ náà padà, wọ́n sì ní kí ó dojú bolẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kódà bó bá ń jẹun.

Ìyá rẹ̀ jókòó ti ibùsùn. "Ẹ̀gbẹ́ mi lo sùn sí, Rẹ̀mí. Láti Ọjọ́bọ̀."

"Mo rò pé ojú á tì yín ni, Mọ́mì."

Ìyá ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ ibùsùn tí kò ká jọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Pásítọ̀ Olúwadábírà wá. Nítorí pé ọmọ náà dojú bolẹ̀, bàbá àgbà náà jókòó sórí ilẹ̀ lásán kí ó lè rí ojú rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ ti ń retí ìbáwí. Ìtàn afọ́jú kan ni Pásítọ̀ sọ.

"Olúwa fọwọ́ kàn án lójú, ó bi í pé kí ló rí. Ọkùnrin náà kò parọ́. Ó ní òun ń rí ènìyàn bí igi tó ń rìn. Ìwòsàn rẹ̀ kò pé, ó sì sọ pé kò pé. Ṣé Olúwa bínú? Ńṣe ló tún fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi, ìwọ̀nba tó sọ ló jẹ́ kó gba ìyókù."

Omi ojú Rẹ̀míláyọ̀ kán sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ṣé yóò tún fọwọ́ kan tèmi, sà?"

Pásítọ̀ fẹ́ràn ọmọ náà, nítorí ìyẹn ni kò fi lè tàn án. "N kò mọ̀," ló wí. "Mo ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀."

Awọ náà padà lẹ̀, àárín rẹ̀ kò jí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí Rẹ̀míláyọ̀ bá fi ọwọ́ bo ojú òsì, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nìkan ló ń rí, àti ọwọ́ tí wọ́n bá ń jù níwájú rẹ̀. Ojú òsì nìkan ló fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Jígí rẹ̀ nípọn bákan náà, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run kò fi irọ́ wa kún ògo rẹ̀. Dókítà kò lè tọ́jú ohun tí a kò sọ, òbí kò lè gbé ẹrù tí a fi pamọ́ fún un, ẹni tó sì ń gbàdúrà lè sọ pé ó ṣì ń dun òun láìjẹ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dín. Ẹ sọ ọ́ ní wéré, bó ti wù kó tini lójú tó. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, oògùn ṣì ni. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ìkorò nìkan ló kù.